Ohun Tí Asúfèé Wí

Wọ́n ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀gún gba òwe yìí gbọ́ ju ẹni tó kọ́kọ́ pa á lọ. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, àmọ́ gbogbo ọ̀dọ́ tó wà ní apá ìlú tí wọ́n ti gbà kúrò lọ́wọ́ ọmọ ogun Gómìnà ló ń pè é ní Alága. Àwọn àgbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ kó rán èèyàn wá bá wọn gbé omi. Òun ló ń yan àwọn tó ń ṣọ́ òpópónà, òun ló ń mójú tó ìlà níbi omi, òun náà ló ń dá ẹjọ́ ẹni tó bá já ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì nígbà tí ìbọn ń ró. Tó bá ń kọjá lọ, wọn a máa kì í pé, "Ẹ̀gún inú ahoro, ẹni tó tẹ̀ ọ́ lánàá, títí dòní ló ń tiro." Á gbé ọwọ́ sókè, kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ wà nínú igbó lọ́hùn-ún, níbi tó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí.

Káfíńtà ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n náà, nítorí iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kó tó di jagunjagun. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun Gómìnà dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tòun ti pátákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó wọ igbó lọ. Ẹ̀gún, tí kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà náà, tẹ̀ lé e. Ìyá wọn sunkún títí, ó sì tún di aṣọ fún àwọn méjèèjì.

Nínú igbó, ẹnikẹ́ni kì í gbé ohùn sókè. Súfèé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe súfèé orin o. Ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ń sú jáde: níbi tí ohùn bá ti ròkè, súfèé á ròkè, níbi tó bá ti wálẹ̀, á wálẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gómìnà tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà jíjìn kò gbọ́ èdè, wọn a rò pé ẹyẹ ló ń ké. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sú jù ni géńdé kan tó máa ń gbé búrẹ́dì kiri ojúlé kí ogun tó dé. Asúfèé ni wọ́n ń pè é. Ó lè jókòó sórí igi kó fi súfèé bú èèyàn, kí ẹni tó bú náà fi súfèé bú u padà, títí ọ̀gá wọn á fi ní kí àwọn méjèèjì panu mọ́.

Ọjọ́ afárá ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Káfíńtà àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sùn sínú kòtò, wọ́n ń retí kí Asúfèé tó wà lókè igi sọ fún wọn bóyá ọ̀nà mọ́. Súfèé dún. Káfíńtà yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ó ní ká máa lọ." Wọ́n dìde. Àṣé àwọn ọmọ ogun Gómìnà ti lúgọ sábẹ́ afárá, ìbọn ni wọ́n sì fi pàdé wọn. Okùn bàtà Ẹ̀gún ló há mọ́ gbòǹgbò tí kò fi tètè jáde nínú kòtò, òun nìkan ló sì yè nínú wọn. Nígbà tí Asúfèé sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ara rẹ̀ ò họ. Wọ́n bi í pé kí ló sú. Ó ní "Ẹ má lọ" lòun sú.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ má lọ, ẹ máa lọ: abẹ́rẹ́ ò lè gba àárín wọn kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ẹ̀gún ní etí òun méjèèjì ló gbọ́ "ẹ máa lọ", etí òun kì í sì í purọ́. Ó ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Gbogbo òwe ló bá a mu lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá Télọ̀, olórí gbogbo wọn, wádìí ọ̀rọ̀ náà tinú tẹ̀yìn, ó ní òun ò rí ẹ̀rí kankan. Ó sì rán wọn létí ìbúra. Kí wọ́n tó gbà wọ́n sínú igbó, olúkúlùkù ti fi ètè kan irin ìbọn pé jagunjagun kò ní ta ẹ̀jẹ̀ jagunjagun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, irin ni yóò sì bi ẹni tó bá dà á léèrè. Ẹ̀gún gbọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó búra tiẹ̀ lọ́tọ̀: Asúfèé kò ní fojú rí ọjọ́ ìṣẹ́gun.

Nígbà tí wọ́n jáde nínú igbó tí wọ́n gba ìdajì ìlú, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó gbàgbé. Alágbàfọ̀ ni, inú ọṣẹ lọwọ́ rẹ̀ máa ń wà láti òwúrọ̀. Tí Ẹ̀gún bá wọlé, á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jókòó tì í.

"Mo tún rí i lónìí," á wí. "Ó ń rìn. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tèmi wà nínú ilẹ̀, òun ń wọ bàtà kiri."

Ẹ̀gún á ní kó fọkàn balẹ̀. Ìyá á ní ọkàn òun ò níbi tó máa balẹ̀ sí. Oúnjẹ náà á sì korò lẹ́nu ọmọ, àmọ́ á jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó yá, ilé òwú nìkan ló kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gómìnà. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, ògiri rẹ̀ ga, inú ọgbà rẹ̀ sì ni àgbá ńlá tí gbogbo ìlú ti ń rí omi wà. Wọ́n ti ti omi náà pa. Omi kòtò làwọn èèyàn ń mu, àwọn ọmọdé sì ti ń dùbúlẹ̀ àìsàn káàkiri. Nítorí náà ni Ọ̀gá Télọ̀ ṣe pe ìgbìmọ̀ ogun sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láì tíì bọ́ ìbọn lọ́rùn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ ya ilé òwú sórí tábìlì, ó yọ téèpù, ó sì ń fi han àwọn ìgbìmọ̀ bí ọ̀nà ṣe jìn tó sí ẹnubodè iwájú àti tẹ̀yìn, bí ẹni ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Bíríkìlà kan ní kí wọ́n dá ògiri lu. Ọ̀gá Télọ̀ ní àwọn ọmọ ogun Gómìnà á ti yìn wọ́n níbọn tán kí wọ́n tó yọ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Ẹlòmíì ní kí wọ́n fi ebi pa àwọn ará inú ilé òwú. Ọ̀gá Télọ̀ bi í pé ọmọ ta ni òùngbẹ máa kọ́kọ́ pa, tiwa ni àbí tiwọn? Ibẹ̀ ni Ẹ̀gún ti dìde. Ó ní kí àwọn àgbà lúgọ sí iwájú, kí àwọn ọ̀dọ́ gba ẹ̀yìn wọlé. Ní ọ̀sán gangan, tí aago oúnjẹ bá lù, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè ẹ̀yìn a máa lọ jẹun, ibẹ̀ a sì ṣófo díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á sùn sínú kòtò àgbàrá tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹnìkan á dùbúlẹ̀ sórí òrùlé ilé búrẹ́dì tó jóná, níbi téèyàn ti lè rí inú ọgbà, á sì fi súfèé sọ fún wọn.

Gbogbo wọn ló mọ òrùlé náà. Ẹni tó bá sùn mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹni tó bá gbórí sókè, orí rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Ọ̀gá Télọ̀ bèèrè pé ta ló máa lọ síbẹ̀.

"Asúfèé ni," Ẹ̀gún wí. "Ta ló mọ òrùlé yẹn jù ú lọ? Ibẹ̀ ló ti ń gbé búrẹ́dì."

Asúfèé, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ṣí fìlà rẹ̀ lórí. Ọ̀gá Télọ̀ ń ká téèpù rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń wo ojú Ẹ̀gún.

"Alága, ṣé ogun lo fẹ́ jà, àbí ìjà?"

"Ogun ni, Ọ̀gá."

Ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ igbákejì Ẹ̀gún nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ilé ìwòsàn ló ti ń kọ́ṣẹ́ kí ogun tó dé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Nọ́ọ̀sì. Ó ní bó bá jẹ́ Asúfèé náà ni, kí wọ́n kúkú pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tí yóò sú. Kó sú "ẹ dìde" bí ọ̀nà bá mọ́, kó sú "ẹ jókòó" bí kò bá mọ́. Ìyẹn ò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ẹni tórí rẹ̀ bá pé á ti gbà á. Ẹ̀gún ò gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà tí Asúfèé sú lọ́jọ́ afárá ni kó sú lọ́la, lójú gbogbo ayé.

"Ẹni tí kò bá purọ́, ọ̀rọ̀ kì í bà á lẹ́rù," ó wí, àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ sì kì í. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọ̀gá Télọ̀ wo àwọn ọmọ tó ń kì í, ó wo ojú ọjọ́, ó rántí àwọn tó ń ṣàìsàn, ó sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, Nọ́ọ̀sì fa Ẹ̀gún sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe, kó má fi ogun bojú. Ẹ̀gún ò jiyàn. Ó ní òun ti rò ó dáadáa: bí Asúfèé bá sọ òótọ́, ilé òwú á bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìbọn tó bá sì ń fò káàkiri ò ní ṣàì kan ẹni tó wà lórí òrùlé. Bó bá tún purọ́, Asúfèé náà ni ìbọn á kọ́kọ́ bá níwájú. Òun Ẹ̀gún kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, irin ò sì ní bi òun ní nǹkan kan.

"Bó bá purọ́, àwọn ọmọ tó wà nínú kòtò ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì bi í.

Ẹ̀gún ní kó lọ di àpò oògùn rẹ̀.

Asúfèé ń dúró dè é lẹ́nu géètì ilé. Ó ti rù ju bó ṣe wà nínú igbó lọ, ó sì mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo mọ ìdí tó o fi ń rán mi," ó wí.

"Tó o bá mọ̀ ọ́n, kọ̀."

"Mi ò ní kọ̀. Ọ̀gá mi lẹ̀gbọ́n ẹ. Mo ní kó má lọ, ó lọ. Látọjọ́ yẹn, mi ò tíì sùn kí n má rí i."

"Irọ́ lò ń pa."

"Ó dáa. Tí n bá rí ìbọn lọ́la, mo máa sọ fún yín. Bẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ gbọ́." Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Inú Ẹ̀gún dùn. Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó wọlé, ó jẹun, oúnjẹ náà ò korò. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má sùn sínú ilé lọ́sàn-án ọ̀la, kó jókòó síta kó máa gbọ́ ìròyìn. Ìyá rẹ̀ wò ó, ohun tó ń sọ yé e, ó sì fi kún oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn mú débi pé irin ìbọn ń jó wọn lọ́wọ́. Wọ́n sùn gbọọrọ nínú kòtò àgbàrá, pàǹtí ń rùn sí wọn nímú, kò sẹ́ni tó sín. Ẹ̀gún wà níwájú, Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀, òrùlé ilé búrẹ́dì ni wọ́n ń rí, àwọn páànù tó ti jó dúdú, wọn ò sì rí Asúfèé rárá. Aago oúnjẹ lù nínú ilé òwú. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tó ń lọ. Gbogbo nǹkan wá dákẹ́.

Súfèé dún.

Ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn àárín. Èyí tó kẹ́yìn fà díẹ̀. Bóyá èémí ló fà á, bóyá atẹ́gùn ni. Ẹ̀gún gbọ́ ọ kedere, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ afárá, kò sì ṣiyèméjì.

"Ó ní ká máa lọ," ó wí.

Nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ mú, ó bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní etí òun gbọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kòtò. Àwọn tó yá jù ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ títì.

Ìgbà náà ni Asúfèé dìde. Ó dìde dúró ṣánṣán lórí òrùlé, nínú oòrùn, níbi tí gbogbo ilé òwú ti lè rí i, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu.

"Ẹ má lọ! Ẹ padà, ẹ má lọ! Ẹ má—"

Ìbọn gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìbọn ńlá tí wọ́n gbé pamọ́ sẹ́yìn ẹnubodè bẹ̀rẹ̀ sí í gbá títì bí ìgbálẹ̀. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́ ohùn èèyàn, wọ́n ti yí padà sínú kòtò, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Ọta kan gé ọmọ kan lápá, Nọ́ọ̀sì sì fà á mọ́ra ó ń dì í. Yàtọ̀ sí òun, gbogbo wọn ló pé.

Ẹ̀gún dojú bolẹ̀ nínú pàǹtí. Ohùn tí ọkùnrin yẹn fi sú súfèé ló fi pariwo, kò sí ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ báyìí. Ó gbọ́ ọ láti ìsinsìnyí padà sẹ́yìn títí dé ìdí afárá, ó sì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀ fún wọn nínú kòtò ọjọ́ afárá.

Ogun tó kù ò pẹ́. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé òwú ló ti sáré lọ sí ẹ̀yìn láti wá pa àwọn ọ̀dọ́, iwájú wá ṣófo, Ọ̀gá Télọ̀ àti àwọn àgbà sì fi lọ́rì já ẹnubodè. Kí oòrùn tó rọ̀, aṣọ funfun ti ń fì ní ojú fèrèsé. Wọ́n ṣí omi. Àwọn ọ̀dọ́ gbé orin, wọ́n ń pe Ẹ̀gún inú ahoro. Wọ́n mú olórí àwọn ọmọ ogun náà wá síwájú Alága, ó ká ọwọ́ sórí. Ẹ̀gún wò ó títí. Ọkùnrin tó ti ń lá àlá pé òun á tẹ̀ lọ́rùn pa nìyí, ṣùgbọ́n ó wá ìbínú rẹ̀ kò rí i. Ó ní kí wọ́n fún un lómi mu, kí wọ́n sì tì í mọ́lé.

Òun àti Nọ́ọ̀sì ló gun òrùlé lọ gbé Asúfèé sọ̀ kalẹ̀. Kò wúwo. Nọ́ọ̀sì pa ojú rẹ̀ dé, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì tún un nù.

"Ohun tó o fẹ́ nìyí," ó wí, kò fi pariwo.

Ẹ̀gún ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì Ọ̀gá Télọ̀. Ọ̀gá Télọ̀ gé aṣọ funfun, kò wọ̀n ọ́n, ó sì kọ̀yìn sí Ẹ̀gún. Ẹ̀gún kúrò níbẹ̀, ó ń lọ sílé. Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n ń wọ́n ọn sí i lára, wọ́n ní Alága àwọn ṣeun.

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ kó tó dé. Omi ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ sínú báfù tó fi ń fọṣọ. Ó nu ọwọ́ ọṣẹ sára ìró, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀ pinpin.

"O káre," ó wí. "Wọ́n ní ó ti kú. O káre, ọmọ mi. Káfíńtà á sùn dáadáa lónìí."

"Màmá, kò purọ́."

"Ta ni?"

"Asúfèé. Ẹ má lọ ló sú lónìí, èmi gbọ́ ẹ máa lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dalẹ̀ wa. Ẹnu ló fi pariwo ká lè padà, ìyẹn ni wọ́n fi rí i."

Ìyá fi í sílẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ó wò ó láti apá òsì, bí ìgbà tó bá ń wá àbàwọ́n lára aṣọ olówó.

"Ta ni mo wá ti ń ṣẹ́ èpè fún láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀gún bọ́ ìbọn rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e ti ògiri.

"Ta ló rán an lọ sórí òrùlé?"

"Èmi ni. Mo rán an kí wọ́n lè pa á."

Ìyá jókòó sórí àpótí ìfọṣọ. Báfù ti kún, omi ń ṣàn gba ẹsẹ̀ wọn kọjá, ẹnikẹ́ni ò sì ti ẹ̀rọ.

"Ṣé ó ní ìyá?"

Ẹ̀gún la ẹnu. Ó mọ ìrìn Asúfèé, ó mọ ibi tó máa ń jókòó sí, ó mọ ìgbà tó ń jáde àti ìgbà tó ń wọlé, ó mọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ọkùnrin náà, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìyẹn rí.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì fi aṣọ borí. Kò dúró dè é. Kí Ẹ̀gún tó jáde sójú ọ̀nà, ó ti wà láàárín àwọn tó ń jó, ó ń dì wọ́n mú lápá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé ibo ni ìyá Asúfèé ń gbé.